Mo Dáhùn Pé Òun Ni

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, inú ọgbà ẹ̀wọ̀n Àjàṣẹ́ ni mo ti ń kọ ọ́ sí yín, ibẹ̀ náà ni n ó sì wà títí ẹ̀mí yóò fi bọ́ lára mi. Wọn kì í yẹgi fún èèyàn mọ́ ní orílẹ̀-èdè wa. Nígbà tí adájọ́ ní ẹ̀wọ̀n gbére, àwọn ìbátan mi tó wà ní kóòtù mí kanlẹ̀ bí ẹni pé oore ni wọ́n ṣe fún mi. Èmi kò tíì mọ̀ bóyá oore ni. A pọ̀ nínú yàrá yìí débi pé bí ẹnì kan bá fẹ́ yí ẹ̀gbẹ́ padà, gbogbo wa la jọ ń yí i.

N kò ní sọ orúkọ mi. Orúkọ èèyàn ni mo fi ṣe gbogbo ibi tí mo ṣe, ọ̀rọ̀ orúkọ sì ti sú mi. N kò fi ọwọ́ mi kan ẹni tó kú. N kò ju òkúta, n kò gbé táyà, n kò tilẹ̀ sí níbẹ̀. Síbẹ̀ èmi ni mo pa á, kí ẹnikẹ́ni má ṣe bá mi jiyàn rẹ̀.

Ọmọ Nàgó ni mí, inú ìdílé Mẹ́tọ́díìsì ni wọ́n sì bí mi sí. Olùkọ́ ni bàbá mi kó tó fẹ̀yìn tì. Mẹ́tìrì ni gbogbo àdúgbò ń pè é títí dòní. Lẹ́yìn Bíbélì, ohun tí bàbá mi bọ̀wọ̀ fún jù láyé ni ìwé tí wọ́n tẹ̀ tí wọ́n sì lu òǹtẹ̀ lé. Bí o bá fi ẹnu lásán sọ nǹkan fún un, yóò ní, "Ìwé rẹ̀ dà?" Èmi tí mo jẹ́ àkọ́bí rẹ̀ kàwé parí ní ilé ẹ̀kọ́ girama, n kò rí iṣẹ́, mo sì ṣí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lójú ọ̀nà tó lọ sí Àjàrá, pẹ̀lú kọ̀ǹpútà mẹ́ta. Mo ń bá èèyàn tẹ ìwé, mo ń ṣe fọ́tòkópì, mo ń bá wọn wo èsì ìdánwò ọmọ wọn. Mo gbẹ́ òǹtẹ̀ tèmi náà, kásẹ́ẹ̀ bí a ṣe ń pè é níbí, tó ní orúkọ ṣọ́ọ̀bù mi nínú. Ní Àjàṣẹ́, ìwé tí kò bá ní kásẹ́ẹ̀, ewé lásán ni.

Ẹ mọ̀ pé nílẹ̀ wa, kí ìdílé tó fi ọmọbìnrin wọn fọ́kọ, wọn a kọ́kọ́ wádìí ilé ọkọ. Ṣé kò sí wèrè níbẹ̀? Ṣé kò sí olè? Ṣé wọn kì í lu ìyàwó? Nínú ìdílé tiwa, àbúrò bàbá mi obìnrin, Táńtì Fẹ́lí, ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Yóò gbé igbá ọṣẹ rù, yóò lọ jókòó ní àdúgbò ọkọ bí ẹni tó wá ta ọjà, yóò kí ará ilé kejì, yóò bá ẹni tó ń fọṣọ sọ̀rọ̀. Títí ọjọ́ ọjà mẹ́ta yóò fi kọjá, kò ní í sọ ohunkóhun fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí fóònù wá pọ̀, àwọn èèyàn ní ìyẹn ti pẹ́ jù. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mú orúkọ ọkọ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. N ó tẹ orúkọ náà sínú ẹ̀rọ tó ń báni wá nǹkan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, n ó fi ohun tó bá kọ́kọ́ jáde sórí ìwé, n ó lu kásẹ́ẹ̀ lé e, wọn ó sì gbé e lọ bá àwọn àgbà. Mo kíyè sí nǹkan kan nídìí iṣẹ́ yìí. Kò sẹ́ni tó máa ń béèrè pé ta ló kọ ọ̀rọ̀ náà. Kò sẹ́ni tó máa ń ṣí ojú ewé kejì. Ohun tó bá wà lókè ni òtítọ́ lójú wọn, ohun tó bá wà nísàlẹ̀ ti kú.

Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ kéré púpọ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ télọ̀ wá bá mi lọ́jọ́ kan, ojú rẹ̀ fà ro.

"Bàbá mi ló jalè nígbà kan, kì í ṣe èmi," ó wí. "Ṣùgbọ́n orúkọ kan náà la jọ ń jẹ́. Bí àwọn àna mi bá tẹ̀ ẹ́, ó ti bà jẹ́."

"Kí lo wá fẹ́ kí n ṣe?"

"Bá mi bò ó."

Mo bò ó. Mo kọ ìròyìn oríṣiríṣi nípa orúkọ náà, pé ó ń rán aṣọ fún ọmọ òrukàn, pé wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ ní Kútọnu. Kò sí ọ̀kan tó ṣẹlẹ̀. Mo dá ojú ìwé bíi mélòó kan sílẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mo jẹ́ kí ọ̀kan máa tọ́ka sí èkejì, mo sì bẹ àwọn ọ̀rẹ́ kí wọ́n máa ṣí wọn lójoojúmọ́. Kí oṣù tó parí, olè ti rì, ọmọlúàbí ti léfòó. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó, wọ́n gbé oúnjẹ wá fún mi, mo sì jẹ ẹ́ tẹ̀rín-tẹ̀rín. Kò dun ẹnikẹ́ni. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti ṣìnà, nítorí mo rí i pé mo lè gbé òtítọ́ kúrò lórí àga rẹ̀ kí n fi irọ́ jókòó síbẹ̀, kí gbogbo èèyàn sì máa kí mi kú iṣẹ́.

Nígbà tó yá, àbúrò mi obìnrin, Ẹ́sítérì, mú ọkùnrin kan wálé. Ràfíù ni orúkọ rẹ̀, ọmọ àwọn Nàgó tó jẹ́ Mùsùlùmí. Onífọ́tò ni. Láti ilé ẹ̀kọ́ dé ilé ẹ̀kọ́ ló ń lọ, tó ń ya fọ́tò kíláàsì fún àwọn ọmọdé, ó sì ní fèrè pupa kékeré kan tó máa ń fun kí wọ́n lè rẹ́rìn-ín. Èmi fúnra mi fẹ́ràn rẹ̀. Mo ní láti sọ ìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Ṣùgbọ́n ọkùnrin mìíràn ti ń lé Ẹ́sítérì tipẹ́, Músíò Jéróòmù, tó máa ń bá àwọn oníṣòwò kó ẹrù kọjá ní ẹnubodè ní apá Sẹ̀mẹ̀. Ó gbọ́ nípa iṣẹ́ ọwọ́ mi. Ó wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó ń wo àwọn kọ̀ǹpútà mi.

"Nǹkan wọ̀nyí ti darúgbó," ó ní.

"A kàn ń rọra lò wọ́n ni, Músíò."

"Mo ní tuntun mẹ́fà nílé ìkẹ́rù tí kò sẹ́ni tó ń lò wọ́n." Ó fi ìka nu eruku ara ọ̀kan. "Wọ́n ní ìwọ ni bàbá rẹ ní kó wádìí onífọ́tò yẹn."

"Èmi ni."

"Bí ohun tí o bá rí kò bá dáa ń kọ́?"

"Kò sí nǹkan burúkú kankan nípa rẹ̀."

"Mo mọ̀," ó wí, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ohun tí mo ṣe wá bá ọ nìyẹn."

Mo sọ fún ara mi pé bàbá mi nìkan ni yóò rí i. N kò kọ pé Ràfíù ń jí ọmọ gbé. Mo gbọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo kàn béèrè ni: ta ni Ràfíù onífọ́tò tó ń tẹ̀ lé àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ káàkiri Àjàṣẹ́? Mo fi fọ́tò rẹ̀ sí i, èyí tí Ẹ́sítérì fi tayọ̀tayọ̀ hàn mí, níbi tó dúró sí láàárín àwọn ọmọdé. Mo ní ẹ̀rù ń ba àwọn òbí kan. Òbí wo? Kò sí. Lórí ojú ìwé kejì mo kọ pé ìròyìn kan ti sọ ọ́. Lórí ẹ̀kẹta mo kọ pé ìròyìn méjì ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Èmi kan ṣoṣo, mo di ẹlẹ́rìí mẹ́ta.

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú kan, bàbá mi pè wá jókòó. A kò mọ̀ pé Táńtì Fẹ́lí ti gbé igbá ọṣẹ rẹ̀ lọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an.

"Mo lo ọjọ́ ọjà mẹ́ta níbẹ̀," ó wí. "Mo bá obìnrin tí ilé wọn kángun síra sọ̀rọ̀, mo bá lèmọ́mù wọn sọ̀rọ̀. Ọmọ náà kì í jà, ó sì ń tọ́jú ìyá rẹ̀. Ọmọ dáadáa ni."

"Ìwé rẹ̀ dà?" bàbá mi bi í.

"Ìwé kẹ̀? Ẹsẹ̀ mi ni mo fi rìn lọ, Mẹ́tìrì."

Mo na ìwé tèmi sí bàbá mi, kásẹ́ẹ̀ wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó wọ awò ojú rẹ̀, ó kà wọ́n tán, ó tún kà wọ́n. "Ibi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀," ó ní, "ohun kan náà ni gbogbo wọn sọ."

Táńtì kò wo ìwé. Èmi ló ń wò. "Ta ló kọ ọ́?"

"Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló wà, Táńtì."

"Mo ní ta ló kọ ọ́."

Bàbá mi ní kó má ṣe bá ìwé jà. Ẹ́sítérì kúnlẹ̀ síwájú mi. "Fofó," ó wí, nítorí bí àwọn Gùn ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin ló ń pè mí láti kékeré, "ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Sọ fún wọn." Mo wolẹ̀. Báyìí ni ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó náà ṣe parí.

Mo rò pé ó parí síbẹ̀. Bàbá mi, ẹni rere, fi ìròyìn náà ránṣẹ́ sí àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ kí wọ́n lè máa ṣọ́ àwọn ọmọ. Àwọn olùkọ́ fi ránṣẹ́ sí òbí. Rédíò kékeré kan kà á ní Gùn àti ní Nàgó, ẹni tó kà á kò sì béèrè nǹkan kan bí èmi ti béèrè. Ó kà á bí ohun tó dájú. Àwọn ojú ìwé tí n kò gbọ́ orúkọ wọn rí gbé e, wọ́n sì fi iyọ̀ tiwọn sí i. Nígbà tó yá, bí o bá ti tẹ orúkọ Ràfíù dé ìdajì, ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ á ti bá ọ parí rẹ̀: Ràfíù onífọ́tò, gbọ́mọgbọ́mọ. Mo lè pa tèmi rẹ́ nígbà náà kí n sì jẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tuntun mẹ́fà ti wà lórí tábìlì mi.

Lọ́jọ́ ọjà Àjàrá kan, wọ́n wá ọmọ kan tì láti òwúrọ̀. Ràfíù ń gba ibẹ̀ kọjá lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kan. Ẹnì kan wo ojú rẹ̀, ó wo fóònù, ó tún wo ojú rẹ̀. Fóònù tèmi dún lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń wa zẹ́mijàn, alùpùpù akérò, ló pè mí, mo ti bá a wádìí ọkọ ọmọ rẹ̀ rí.

"Músíò, ẹ̀yin lẹ mọ nǹkan wọ̀nyí. A ti mú un níbí. Ó ní òun kọ́. Àwọn kan ní ká fà á fún pólíìsì, àwọn kan ò gbà. Ṣé òun ni ẹni tó wà nínú ìròyìn yẹn?"

Ariwo pọ̀. Lábẹ́ ariwo náà mo gbọ́ ohùn Ràfíù. "Ẹ fún mi ní fóònù yẹn. Ẹ̀gbọ́n Ẹ́sítérì ni. Ó mọ̀ mí."

Kí ẹ má ṣe rò pé n kò ronú. Mo ronú. Mo rí ojú bàbá mi, mo rí gbogbo ìwé tí mo ti lu kásẹ́ẹ̀ lé, mo rí bí wọn ó ṣe wá fọ́ ṣọ́ọ̀bù mi. Mo ní, "Òun ni."

Ọkùnrin náà dúpẹ́, ó ní, "Mẹsí, Músíò," ó sì pa fóònù.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti rí ọmọ tí wọ́n ń wá. Ó sùn lọ nílé ìyá ìyá rẹ̀ ni. Ràfíù ti jóná.

Ní kóòtù, wọ́n gbé fèrè pupa náà wá, ó ti yọ́. Oní-zẹ́mijàn sọ ohun tó bi mí àti ohun tí mo fi dá a lóhùn. Jéróòmù ní ẹ̀bùn ni òun ta mí lọ́rẹ, wọ́n sì ní kó máa lọ. Rédíò tó ka irọ́ mi ló kọ́kọ́ ka ìdájọ́ mi, wọ́n pè mí ní ìkà. Wọn kò sọ ẹni tó bá mi fọ́n irọ́ náà ká gbogbo ìlú.

Lọ́dún tó kọjá, ìyá Ràfíù wá bẹ̀ mí wò. Kò sunkún, kò sì ṣépè.

"Àbúrò Ràfíù fẹ́ gbéyàwó," ó wí. "Àwọn àna tẹ orúkọ wa. Wọ́n ní gbọ́mọgbọ́mọ wà nílé wa. Ìwọ lo fi síbẹ̀. Bá mi yọ ọ́."

"Mo ti yọ tèmi, Ìyá. Àwọn mìíràn ti dà á kọ."

"Ilé ẹjọ́ kò ha sọ pé irọ́ ni?"

"Wọ́n sọ ọ́."

"Níbo ni wọ́n wá kọ ìyẹn sí?"

"Ó wà nísàlẹ̀, Ìyá."

"Ìsàlẹ̀ ibo?"

Ojú ewé kejì ni, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í dé. Àwọn àgbà ní bí irọ́ lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Àwọn àgbà tó sọ ọ́ kò ní fóònù.

Bàbá mi kò wá wò mí rí. Ẹ́sítérì wá lẹ́ẹ̀kan, ó wo ojú mi fún ìgbà díẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Táńtì Fẹ́lí nìkan ló ń gbé oúnjẹ wá. Mo sọ ọ̀rọ̀ ìyá Ràfíù fún un. Nígbà tó tún wá, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Ó ti gbé igbá ọṣẹ rẹ̀ lọ sí àdúgbò àwọn àna náà, ó ń jókòó níbẹ̀, ó ń sọ fún wọn ní ojúlé sí ojúlé irú èèyàn tí Ràfíù jẹ́ àti irú èèyàn tí èmi jẹ́. Ọjọ́ ọjà méjì ti lọ, ó ní ó ku ọ̀kan.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo mọ̀ pé ọwọ́ yín yá ju tèmi lọ, ẹ̀rọ yín sì yá ju tèmi lọ. N kò ní kí ẹ jù ú nù. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ mọ èèyàn, ẹ lọ kí i nílé rẹ̀, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń bá a fa omi nínú kànga kan náà. Bí wọ́n bá ní kí ẹ bá àwọn bo nǹkan kékeré, ẹ rántí télọ̀ ọ̀rẹ́ mi. Bí ó bá sì ṣẹlẹ̀ pé ẹ ti purọ́ tán, tí ẹnì kan wá pè yín láàárín ariwo pé ṣé òun ni, ẹ dá a lóhùn pé òun kọ́, kí ìtìjú yín sì pa yín bó bá fẹ́. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni. Èmi náà, ọ̀rọ̀ méjì péré ni mo sọ.