Àáró Jímọ̀ Wà Lọ́rùn Mi

Adájọ́ ti ní kí wọ́n yẹgi fún mi. Wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n ti lù ú ní òǹtẹ̀. Inú ẹ̀wọ̀n ni mo ti ń dúró, mi ò sì mọ ọjọ́. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà ní Igbó-Ọrà, torí náà bí ìkọ̀wé mi bá wọ́, ẹ má bínú. Àgbẹ̀ ni mí, ẹ̀gẹ́ ni mò ń gbìn. Mo pa Jímọ̀ kápẹ́ńtà, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré.

Paraga ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ẹ̀yìn máa ń dùn mí tí mo bá ti oko dé. Sìfáwù tó ń ta paraga ní gáréèjì ní, "Bàbá Bọ́sẹ̀, ẹ gba ife kékeré kan, ẹ̀yìn yín á rọ̀." Ẹ̀yìn mi rọ̀ lóòótọ́. Nígbà tó yá, n kì í dúró kí ẹ̀yìn dùn mí mọ́. Kí n tó jáde lọ sóko ni mo ti ń mu ún. Lọ́jọ́ kan mo ṣubú sí kòtò lọ́nà Igangan, wọ́n gbé mi lọ sílé ìwòsàn.

Nọ́ọ̀sì Fọlákẹ́ ló tọ́jú mi. Ó ní, "Bàbá, oògùn tí mo ní ò tó. Ta ni yóò máa jókòó tì yín nírọ̀lẹ́, nígbà tí ọ̀fun bá ń yún yín?" Mi ò rí orúkọ ẹnì kankan dá. Ó bá kó àwa mẹ́rin tí ọtí ń dà láàmú jọ: èmi, Jímọ̀, Rájí awakọ̀ àti Tíṣà Tìámíyù. Ó ní kí á lọ fẹnu kò.

Jímọ̀ ló sọ ọ́. Ó ní, "Ṣebí tí a bá fẹ́ kọ ebè, àáró la máa ń ṣe? Lónìí oko mi, lọ́la oko rẹ. Ẹ jẹ́ ká ṣe àáró ọ̀fun."

A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n a ṣe é. Ọjọ́bọ̀ ni tèmi, torí ọjọ́ tí mo máa ń ta ẹ̀gẹ́ ni ẹsẹ̀ mi máa ń yà sí ìsọ̀ paraga. Jímọ̀ ló ń wá jókòó tì mí. Àbámẹ́ta ni tiẹ̀, torí ìnáwó, èmi ni mò ń lọ. Òfin kan ṣoṣo la ní: ẹni tí ọ̀fun ń yún lè lé ọ, ìwọ ò gbọdọ̀ lọ.

Jímọ̀ a gbé ọpọ́n ayò rẹ̀ wá, a nà mí dáadáa. "Òpè! Ọtí nìkan kọ́ lo mu, o mu làákàyè mọ́ ọn." Ó lé ní ọdún kan tí n kò fẹnu kan ọtí.

Àṣìṣe wa ni pé a fi í pamọ́. Ẹni tó bá béèrè, a ní ayò la ń ta. Ìyá Bọ́sẹ̀ nìkan ló mọ̀ nílé mi, ojú sì ń tì í.

Bọ́sẹ̀ ọmọ mi bí obìnrin, ọ̀dọ̀ wa ló bí i sí. Ìsọmọlórúkọ bọ́ sí Ọjọ́bọ̀. Mo lọ bá Jímọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

"Má wá o. Àwọn àna mi ń bọ̀ láti Èrúwà."

Ó ní, "Ọjọ́ tó o ní kí n má wá gan-an ló yẹ kí n wá."

"Mo ní o ò gbọdọ̀ wá."

Ó kọjú sí iṣẹ́ rẹ̀. Pákó ló ń fá.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Bàbá Ọlá, bàbá ọkọ Bọ́sẹ̀, gbé ọtí lé mi lọ́wọ́ pé èmi ni mo dàgbà jù, kí n ṣàdúrà sí i. Mo ṣe é. Ẹni tó bá ṣàdúrà sí ọtí ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Mo ní kí wọ́n bá mi bu omi wá. Bàbá Ọlá rẹ́rìn-ín.

"Àna wa, ṣé ẹ ti fi nǹkan sínú ẹ̀ ni?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Bọ́sẹ̀ sọ ọ́ sí mi létí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kàn fi kan ètè. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n mọ̀."

Mo fi kan ètè. Mo gbé e mì.

Nígbà tí oòrùn yẹ àtàrí, mo ti wà lẹ́yìn ilé ìdáná pẹ̀lú ìgò náà. Jímọ̀ dé, ọpọ́n ayò wà lábíyá rẹ̀.

"Gbé e fún mi."

"Máa lọ sílé rẹ."

"O mọ òfin." Ó jókòó.

Bàbá Ọlá jáde wá fọwọ́, ó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Jímọ̀ ò pariwo. Ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Ọ̀rẹ́ mi ò gbọdọ̀ mu ọtí. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á rí. Àwa la ń ṣọ́ ara wa."

Bàbá Ọlá wò mí. Ọmọ odó wà lára ògiri. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo fi lu Jímọ̀ lórí. Adájọ́ béèrè ìdí tó fi jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Mi ò mọ̀. Ọmọ ayò fọ́n ká sílẹ̀, adìẹ ń ṣà wọ́n wò.

Bàbá Ọlá ti wá kí mi níbí. Ó ní, "Ká ní mo mọ̀ ni, omi ni ǹ bá fún yín." Ó sunkún. Èmi ò sunkún. Ife omi kan ni mo torí ẹ̀ pa ọ̀rẹ́ mi.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Ìbàràpá, ẹ má fi ife kékeré wo ẹ̀yìn ríro. Èyí tó ti wọ inú ẹ̀ nínú yín, kó wá ẹni tí yóò máa jókòó tì í, kó sì sọ fún ará ilé, kó sọ fún àna, kó sọ ọ́ síta. Bí ẹnì kan bá sì ní omi lòun fẹ́, ẹ bu omi fún un. Ẹ má bi í ní nǹkan kan. Ẹ má rẹ́rìn-ín.

Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé Ọjọ́bọ̀ yẹn, èmi ni àáró kàn. Wọ́n ti sin Jímọ̀, èmi wà ní àtìmọ́lé. Títí dòní, tó bá di ìrọ̀lẹ́ Àbámẹ́ta, mo máa ń jókòó sídìí ilẹ̀kùn irin yìí títí oòrùn á fi wọ̀. Kò sí ẹni tí mò ń ṣọ́.