Ọ̀bẹ Tí Mo Pààrọ̀ Mọ́ Màmá Lọ́wọ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ẹbí ọkọ mi, ẹ má tíì pinnu ohunkóhun lórí Màmá. Ẹ jókòó. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ẹ gbé báàgì yín sílẹ̀. Àfi kí n sọ ọ́ báyìí kí ẹ̀rù tó tún bà mí. Orí Màmá pé. Orí wọn pé ju tèmi lọ! Èmi ni mo purọ́, irọ́ tèmi yìí lẹ sì ń tẹ̀ lé tí ẹ fi fẹ́ kó wọn lọ sí ilé àwọn arúgbó.

Gbogbo yín mọ ọ̀bẹ tí bàbá Màmá fi ọwọ́ ara rẹ̀ rọ fún wọn nígbà tí wọ́n ń lọ sílé ọkọ. Òun ni wọ́n fi se oúnjẹ fún odidi ilé-ìwé títí wọ́n fi fẹ̀yìntì. Ọkọ mi ló fi ṣí ìdérí agolo ọ̀dà tí ṣóńṣó rẹ̀ fi dá. (Baba àwọn ọmọ mi, má wolẹ̀, ìwọ náà mọ̀.) Láti ìgbà náà ló ti wà nínú dúrọ́ọ̀ tó ń dípẹtà, èèkù rẹ̀ là sí méjì. Màmá a máa yọ ọ́ wò, wọn a mí kanlẹ̀, wọn a dá a padà. Ẹ̀yin lẹ sọ mí ní Ẹnjiníà nínú ilé yìí, torí pé kò sí ohun tó bàjẹ́ tí n kì í tú. Mo ní, “Màmá, ẹ gbé e fún mi, ẹ ó tún fi gé àlùbọ́sà.” Wọ́n gbá mi mọ́ra. “Ìyàwó mi, tó o bá lè ṣe é, n ò ní í bèèrè nǹkan mìíràn lọ́wọ́ ẹ mọ́.”

Ká ní mo fara balẹ̀ ni! Sáńpépà àti epo ti ń bọ́ ìpẹtà náà díẹ̀díẹ̀, irin dúdú tó dára ti ń yọjú, inú mi ń dùn, ni ìwàǹwára bá gbé mi. Mo gbé ọ̀bẹ lọ sí ìsọ̀ wẹ́dà tó wà ní ìkángun àdúgbò wa, mo gbé ẹnu rẹ̀ lé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ irin. Iná ń ta pàrà, mo ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Wẹ́dà pariwo pé, “Àǹtí, ẹ rọra! Ẹ máa fi omi tù ú!” Mo tún tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀rọ náà. Kí n tó gbé e kúrò, ẹnu ọ̀bẹ ti di àwọ̀ aró láti ìdí dé orí. Mo fi gé okùn kan báyìí, ó tẹ̀ bíi páànù. Ooru ti gba gbogbo líle irin náà. Iṣẹ́ ọwọ́ bàbá ẹni ẹlẹ́ni ni mo yan bí àgbàdo yẹn.

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ. Wẹ́dà gan-an ní, “Ẹ lọ bá ìyá yín, ẹ ṣàlàyé.” Dípò bẹ́ẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó bá mi gé irin mìíràn sí àwòrán rẹ̀. Ó mi orí, ó sì ṣe é. Mo rì í sínú fínígà kí ó lè dà bí ohun tó ti gbó, mo gbẹ́ igi sí i ní èèkù, mo fi aṣọ dì í, mo gbé e fún Màmá tẹ̀rín-tẹ̀rín. (Ẹ wo ẹnu tí mo fi ń rẹ́rìn-ín!) Wọ́n jó yí tábìlì ká. Wọ́n gbàdúrà fún mi títí mo fi ń wolẹ̀.

Ojú wọn gbà á, ọwọ́ wọn ò gbà á. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gé ara wọn níka. Wọ́n ní, “Ọ̀bẹ yìí wúwo níwájú. Kì í ṣe ti bàbá mi.” Ẹ̀gbọ́n, ẹ rántí, ẹ̀yin lẹ bi mí lójú wọn pé, “Ẹnjiníà, ṣé òun kọ́ ni?” Màmá ń wò mí lẹ́nu. Mo ní, “Òun ni o. Ẹ má dá wọn lóhùn, wọ́n ti ń gbàgbé nǹkan ni.” Mo tún mi orí bí ẹni tí àánú ṣe! Ohun tó burú jù tí mo ṣe láyé mi nìyẹn, orí ìjókòó ni mo sì ti ṣe é. Ẹ sì gbà mí gbọ́. Ẹ ti kíṣìnì pa kí Màmá má baà ṣe ara wọn léṣe, ẹ sì kó kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́, èmi! Obìnrin tó bọ́ odidi ilé-ìwé wá ń dúró lẹ́nu ọ̀nà: “Ìyàwó mi, ṣé mo lè wọlé bu omi?”

Lọ́jọ́ kan mo ń kọjá lẹ́nu yàrá wọn, mo gbọ́ tí wọ́n ń ka orúkọ àwọn ọmọ-ọmọ wọn fún ara wọn, láti orí àgbà dé orí ọmọ ọwọ́. Wọ́n kà á tán, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Wọn ò fo ẹnì kankan. Síbẹ̀ wọ́n ní, “Ọlọ́run, má jẹ́ kí n gbàgbé àwọn wọ̀nyí náà.”

Mo sá lọ sẹ́yìn ilé, mo yọ ojúlówó ọ̀bẹ tí mo fi pamọ́ sábẹ́ àpò sìmẹ́ǹtì, mo wá alágbẹ̀dẹ lọ. Ó yí i wò, ó pòṣé. “Ta ló yan ọ̀bẹ yìí?” “Èmi ni.” Kíá tí mo jẹ́wọ́ yẹn ya èmi gan-an lẹ́nu! Ó ní kò tíì bàjẹ́ tán. Ó ki ọ̀bẹ náà bọ iná títí ó fi pọ́n, ó tì í bọ epo, epo hó ṣàà! Ó tún fi ooru díẹ̀ rọ̀ ọ́ kó má baà máa fọ́ bí àwo. Èmi ni mo fi òkúta àti omi pọ́n ọn nílé, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, láìsí ẹ̀rọ kankan. Mo yọ ṣóńṣó tuntun sí i, mo fi èèkù tuntun sí i. Ó kúrú díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ wá wo bó ṣe ń gé tòmátì!

Àárọ̀ yìí ni mo ṣí kíṣìnì, mo kúnlẹ̀, mo gbé e fún wọn. Wọn ò wò ó rárá, wọ́n kàn ń fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n. Wọ́n gé àlùbọ́sà kan. Wọ́n ní: “Ọ̀bẹ bàbá mi nìyí. Èwo wá ni tọjọ́sí?” Mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo rò pé wọn yóò gbá mi létí. Ẹ̀yin èèyàn mi, ariwo ayọ̀ ni Màmá ta! “Orí mi pé! Ẹ̀yin aládùúgbò, orí mi pé!” Wọ́n sáré dé títì tọ̀bẹ-tọ̀bẹ, àwọn èèyàn ń sá, èmi ń sáré tẹ̀lé wọn, mo ń pariwo pé, “Òótọ́ ni, orí wọn pé!” Ta ni yóò gbà wá gbọ́?

Ìgbà tí wọ́n padà wọlé ni inú ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bí wọn. Wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́, wọ́n sì jàre. Màmá, ẹ foríjì mí, bó pẹ́ bó yá. Ọkọ mi, Ẹ̀gbọ́n, ẹ foríjì mí, kẹ́ ẹ sì fagi lé ọ̀rọ̀ ilé arúgbó yẹn lónìí. Ẹ̀yin ìyàwó kéékèèké tẹ́ ẹ fẹ̀yìn ti ògiri, ẹ gbọ́ o: bí àgbàlagbà bá ní nǹkan yìí kì í ṣe tòun, ẹ kọ́kọ́ yẹ nǹkan náà wò dáadáa kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ orí wọn wò.