Ẹ̀gbà Ọwọ́ Àṣàkẹ́ Kọ́ Ni Mo Fún Wọn

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi títí ẹ ó fi kà á tán. Irọ́ kan wà lọ́rùn mi láti ìgbà tí mo ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ alágbẹ̀dẹ fàdákà níbí ní Ẹdẹ. Mo rò pé yóò bá mi wọ sàréè ni. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo tún irọ́ náà pa, ojú ọmọ tí mo pa á fún kò sì jẹ́ kí n lè jẹun.

Iṣẹ́ bàbá mi ni mò ń ṣe. Mo máa ń rọ ẹ̀gbà ọwọ́ àti òrùka, mo sì máa ń fi ọwọ́ ara mi fín orúkọ àti ọnà sí wọn lára. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé mo máa ń fọ́nnu. Mo máa ń sọ pé láti Awo títí dé Sekona, kò sí ẹni tó lè fín orúkọ sára fàdákà bíi tèmi. Ìfọ́nnu yẹn wà lára ohun tó kó bá mi.

Òfin kan wà tí bàbá mi kì í fi ṣeré. Ìkòkò tí a bá fi yọ́ òjé, a kò gbọ́dọ̀ fi yọ́ fàdákà. Àwọn olórìṣà tí ń wọ funfun máa ń wá láti abúlé, òjé ni wọ́n sì máa ń ní kí a fi rọ ẹ̀gbà ọwọ́ fún wọn. Òjé kì í tán nínú ìkòkò bọ̀rọ̀. Bí díẹ̀ bá kan fàdákà, fàdákà náà á máa là lábẹ́ òòlù.

Ìyá Sìdí ní àdúgbò wa ní ọmọbìnrin kan, Sìdíkátù Àṣàkẹ́. Orí ìkúnlẹ̀ ni Àṣàkẹ́ kú sí. Ọmọ tó bí yè, obìnrin ni. Lẹ́yìn fìdáù rẹ̀, Ìyá Sìdí kó ẹ̀gbà ọwọ́ fàdákà tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí olóògbé máa ń wọ̀ wá fún mi. Wọ́n ní kí n yọ́ wọn pọ̀, kí n fi rọ ẹyọ kan tó nípọn, kí n fín orúkọ Àṣàkẹ́ sí i, kí ọmọ náà lè rí nǹkan ìyá rẹ̀ wọ̀ bó bá dàgbà.

Ẹ mọ bí àwọn ènìyàn ṣe máa ń ṣe sí àwa alágbẹ̀dẹ. Wọ́n á jókòó tì wá títí fàdákà wọn á fi yọ́, kí a má baà pààrọ̀ rẹ̀. Ìyá Sìdí náà jókòó tì mí, wọ́n pọn ọmọ jòjòló náà sẹ́yìn. Kí n tó bẹ̀rẹ̀ ni ìkòkò fàdákà mi là. Èmi tí mo ti lérí pé wọ́n á rí i gbà lọ kí ilẹ̀ tó ṣú, ojú tì mí láti ní kí wọ́n padà wá. Mo mú ìkòkò òjé. Mo fi iyanrìn fọ̀ ọ́, mo ní kò lè ṣe nǹkan kan.

Nígbà tí fàdákà yọ́ tán lójú wọn, ọkàn wọn balẹ̀, wọ́n lọ kírun àílà. Mo gbé e lé orí irin, mo lù ú. Ó là. Mo tún lù ú. Ó fọ́ wẹ́wẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́. Ó dà bíi pé èmi ni mo tún pa Àṣàkẹ́.

Mo gbá gbogbo rẹ̀ sínú agolo mílíìkì. Mo mú fàdákà tèmi tí mo ti yọ́ tẹ́lẹ̀, mo fi iná sí i, mo bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú. Wọ́n padà bá mi lẹ́nu rẹ̀.

"Ṣé òun náà rèé?"

"Òun ni, Ìyá."

Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, wọ́n gbé e lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn. Wọ́n ní, "Àṣàkẹ́ mi, ṣé o rí ọmọ rẹ báyìí?" Wọ́n sunkún, èmi náà sunkún. Wọ́n rò pé àánú wọn ló ṣe mí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúà fún mi.

Mi ò fín nǹkan kan dáadáa tó ẹ̀gbà ọwọ́ yẹn rí láyé mi. Ojú tó ń tì mí ni mo fi ṣe é. Ìyá Sìdí ń wọ̀ ọ́ de ọmọ náà. Nígbà tí ojú wọn fọ́, ìka ni wọ́n fi ń ka orúkọ ọmọ wọn lára rẹ̀, wọ́n á sì máa bá a sọ̀rọ̀. Mo ti jókòó tì wọ́n rí, tí mo ń gbọ́ ọ.

Ọmọ jòjòló ti dàgbà, ó fẹ́ lọ sílé ọkọ ní ìlú Ara. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó mú ẹ̀gbà ọwọ́ náà wá pé kí n bá òun nù ún kó dán. Ìyá rẹ̀ àgbà ti bọ́ ọ fún un. Bí mo ṣe ń nù ún, ó ní:

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mi ò rí màmá mi rí. Ṣé lóòótọ́ ni pé fàdákà yìí ti kan ọwọ́ wọn rí?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi."

Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó gbé e sí imú, ó ń gbóòórùn rẹ̀.

Bó ṣe lọ tán, mo wá agolo yẹn kàn. Mi ò dà á nù láti ọjọ́ náà. Mo gbé e lọ bá àgbà alágbẹ̀dẹ kan ní Òṣogbo, òun ló fi hàn mí bí wọ́n ṣe ń fi eérú eegun fa òjé kúrò lára fàdákà lórí iná. Ó mọ́ tónítóní. Ká ní mo jẹ́wọ́ lọ́jọ́ kìíní ni, ẹnì kan ì bá ti kọ́ mi.

Fàdákà Àṣàkẹ́ gan-an ti wà lọ́wọ́ mi báyìí. Mo lè fi rọ òmíràn, kí n pààrọ̀ rẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ìka Ìyá Sìdí mọ gbogbo ojú ìfín náà, wọ́n á mọ̀. Bí mo bá sọ òótọ́, mo tún gba Àṣàkẹ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ arúgbó ni. Bí mi ò bá sọ, ọmọ náà á gbé fàdákà tèmi lọ sílé ọkọ, ti ìyá rẹ̀ á wà nínú àpótí mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ìyá, ẹ dárí jì mí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ìgbéyàwó náà ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ta ni kí n kọ́kọ́ lọ bá, ìyá tí kò ríran mọ́ ni, àbí ọmọ tí kò rí ìyá rẹ̀ rí?