Tábìlì Kan Ṣoṣo Tó Wà ní Kíláàbù

Àbúrò ìyá mi ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé ìjà ti wọ kíláàbù tẹníìsì orí tábìlì tó wà ládùúgbò wọn l'Ọ́wọ̀, ṣùgbọ́n inú ọkọ̀ èrò tó ń lọ sí Ìpele ni mo ti wá gbọ́ ìdí rẹ̀, lẹ́nu bàbá àgbàlagbà kan àti ọ̀dọ́mọbìnrin tó gbé báàgì eré lé itan.

"Bàbá, tábìlì kan ṣoṣo la ní. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ̀ǹda ìrọ̀lẹ́ fún àwa tó ń lọ ìdíje."

"Dókítà ní kí n máa na ara, ṣé inú oòrùn ọ̀sán ni kí n ti máa ṣe é? Ṣebí èmi ni mo nà ọ́ lánàá, tí o ń làágùn bí ẹni rokà fún gbogbo àdúgbò?"

Ọmọbìnrin náà mí kanlẹ̀.

"Bàbá, ẹni tó bá borí ló ń dúró nídìí tábìlì. Ta ló máa na ẹni tó tó bàbá rẹ̀ lójú àwọn èèyàn? À ń mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ẹ borí ni."

"Gbogbo yín?"

"Gbogbo wa, sà. Níbi ìdíje tó kọjá, bọ́ọ̀lù tó yẹ kí n fi agbára gbá, ńṣe ni mo rọra dá a padà. Ọwọ́ mi ti kọ́ àánú."

Bàbá wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀ títí.

"Láti ìgbà tí ìyá àwọn ọmọ mi ti kú, ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti ń hó yèè fún mi. Ṣùgbọ́n dídúró nídìí tábìlì yẹn ti rẹ̀ mí, ọmọ mi."

"Ó rẹ èmi náà, Bàbá."

Ọwọ́ tó kọ́ àánú! Ìwọ tó ń gbọ́ mi, ká ní o jókòó sáàárín wọn, ta ni wàá ní kó fi tábìlì sílẹ̀?