Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Tí Mo Mọ Síwájú Gbọ̀ngán

Aǹtí Rúlà, ẹ fi páálí yẹn sílẹ̀ ná, ẹ má tíì kó ẹrù kankan sínú ẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, torí inú ń bí mi, láti àná ni inú ti ń bí mi, èmi tí àwọn lébìrà ẹgbẹ́ mi ń pè ní Bàbá Dákẹ́, tí mo lè po kọnkéré látàárọ̀ dalẹ́ kí n má sọ ju “ẹ bu omi wá” lọ, lónìí màá sọ̀rọ̀. Ta ló ní kí ẹ fún mi ní bébà? Ṣé mo tọrọ bébà lọ́wọ́ yín ni? Ọdún kejìlélógún rèé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí, ẹnu ni wọ́n fi ń rán mi níṣẹ́. Fọ́máànù á ní, “Gbẹ́ ibí kó dé orúnkún ẹ, mọ ìyẹn sókè kó dé ìbàdí ẹ,” mo sì ń ṣe é. Ẹ lọ wo ògiri ẹ̀yìn ilé ìkàwé. Ẹ lọ wo kòtò àgbàrá tó yí gbogbo ọgbà yìí ká. Èwo ló wó nínú wọn? Èwo ló là?

Ẹ̀yin lẹ wá lọ́jọ́rú tó kọjá, ẹ tẹ́ ìwé ńlá kan tí ẹ yàwòrán sí sórí àpò sìmẹ́ǹtì, ẹ fi òkúta tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ, ẹ ní, “Bàbá, gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀,” rúlà yín yọ sókè nínú báàgì bí irin rédíò, ẹ sì ti lọ. Gbogbo kí ni? Ó wà níbẹ̀ lójú ta ni? Ẹ ò tiẹ̀ bi mí bóyá ó yé mi.

Rárá, mi ò ní jókòó, ẹ ṣé, sìmẹ́ǹtì wà lára ṣòkòtò mi, mi ò fẹ́ ba àga yín jẹ́. Mi ò fẹ́ pariwo mọ́ yín. Ẹ fara dà á fún mi.

Fọ́máànù tó yẹ kó túmọ̀ ìwé yẹn fún mi, eyín ló mú un, ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wú bíi búrẹ́dì lọ sí ilé ìwòsàn, a ò rí i mọ́ títí ọ̀sẹ̀ fi parí. Ó wá ku èmi àti ìwé. Mo ti mọ ohun tí wọ́n fẹ́, ẹ fẹnu yín sọ ìyẹn fún mi, ó sì yé mi yékéyéké: pé àwọn olùkọ́ ilé ìwé yìí fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe lè máa ṣètò ẹ̀kọ́ wọn kí ẹni tí ojú ẹ̀ ò ríran, ẹni tí etí ẹ̀ ò gbọ́ràn, ẹni tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ò gbé e, ẹni tí ìwé kì í tètè yé, kí gbogbo wọn lè bá àwọn yòókù kọ́ ọ. Pé obìnrin tó ń bọ̀ wá dá wọn lẹ́kọ̀ọ́, àga onítáyà lòun fúnra ẹ̀ ń lò. Pé àtẹ̀gùn mẹ́ta wà níwájú gbọ̀ngán, ká mọ nǹkan tó máa bá àga ẹ̀ gòkè. Gbogbo èyí wọ̀ mí létí. Èyí tó wà nínú ìwé ni kò wọ ibì kankan.

Mo wo ìwé yẹn títí. Mo rí ìlà, mo rí nọ́ńbà, mo wá rí ibì kan tó dà gẹ̀rẹ́, mo ní áà, èyí ò le, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ mà ni. Kí ló tún kù nípa gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí mi ò mọ̀? Kí irùngbọ̀n tó hù lágbọ̀n mi ni mo ti ń ti bárò gùn ún. Ti bárò, Aǹtí, kíkúrú ló gbọ́dọ̀ kúrú. Ẹ óò fi eré bọ̀ láti ìsàlẹ̀, ẹ óò fàyà tì í, ó ti dókè. Tó bá gùn jù, kọnkéré á ti já yín lápá kí ẹ tó débẹ̀. Ẹ sì gbọ́dọ̀ kan igi ní ìdábùú sí i lára kí ẹsẹ̀ má baà yọ̀. Èmi wá rò ó pé igi á jẹrà, mo fi kọnkéré mọ ìdábùú mẹ́fà sí i, ìka méjì ni gíga ẹ̀, gbogbo wọn dọ́gba bí eyín ọmọdé. Mo bomi rin ín fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo ta okùn yí i ká. Ajá kan fẹ́ gba orí ẹ̀ kọjá, mo lé e dé géètì. Iṣẹ́ kan ò dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ rí, mo ń sọ fún ìyàwó mi nílé pé obìnrin tó ń bọ̀ yẹn á mọ̀ pé a retí òun.

Àwọn olùkọ́ wá ń sọ fún mi lónìí pé ìgbésẹ̀ méje ló yẹ kó gùn tó, kó rọra máa gòkè bí ẹní ń tẹ́ ẹní, kí ara ẹ̀ sì dán. Ìgbésẹ̀ méjì péré ni mo fún un. Ìgbésẹ̀ méjì, àti eyín mẹ́fà.

Àná, ẹ̀yin ò sí níbẹ̀, wọ́n ní ẹ lọ wọn ilẹ̀ lẹ́yìn ọgbà. Èmi wà níbẹ̀. Mo gbé garawa omi dání, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ mi bí bàbá ìyàwó. Obìnrin yẹn bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò, ó bọ́ sínú àga ẹ̀, àwọn olùkọ́ tò lọ́tùn-ún lósì, ó wo ohun tí mo mọ, ó tún wò ó. Ó ti àga. Ìdábùú àkọ́kọ́ dá a dúró. Ó tún un tì, ó gùn ún, ìkejì dá a dúró. Ní ìkẹta ni táyà iwájú gbéra nílẹ̀, àga náà ń padà bọ̀ lẹ́yìn, mo ju garawa nù, mo fàyà gbà á, gẹ́lẹ́ bí mo ṣe máa ń gba bárò. Gẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀, Aǹtí. Báàgì ẹ̀ fọ́n ká, gíláàsì ojú ẹ̀ já sínú omi tí mo dà nù. Ọkùnrin mẹ́rin wá gbé e wọlé bí ẹní ń gbé kọ́bọ́ọ̀dù, obìnrin tó wá kọ́ni bí wọ́n ṣe ń gba ènìyàn láyè. Ó ní “ẹ ṣé” fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Mo ń gbọ́ “ẹ ṣé” yẹn títí di báyìí.

Ọ̀gá àgbà wá ránṣẹ́ pè mí sínú gbọ̀ngán. Ogójì olùkọ́ ló wà níbẹ̀, tọkùnrin tobìnrin, mo dúró sí àárín pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó kún fún ẹrẹ̀. Ó ní, “Ṣé wọn ò fún ọ ní àwòrán ni?” Mo ní wọ́n fún mi. Ó ní, “Kí ló wà nínú àwòrán ọ̀hún?”

Aǹtí, mo fi ọmọ mi búra, mo fẹ́ sọ ọ́. Ó dé ẹnu mi. Mo wá wo ogójì ojú yẹn, ohun tó jáde ni, “Ohun tó wà nínú àwòrán náà ni mo mọ.” Kò sẹ́ni tó ní kí n mú un wá kí wọ́n wò ó.

Ẹ máa wò mí. Ó yẹ kí ẹ wò mí. Èmi ni mo fa lẹ́tà ìdádúró lẹ́nu iṣẹ́ tí wọ́n já lé yín lọ́wọ́ láàárọ̀ yìí, èmi ni mo fa páálí tí ẹ ń kó ẹrù sí yìí, tí wọ́n fi ń sọ nílé oúnjẹ pé ayàwòrán tí kò lè ya gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni wọ́n gbà síṣẹ́, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, tí èmi náà wà níbẹ̀ tí mo ń wo inú ife tíì mi.

Pé kí ni? Ó dáa. Ó dáa, òótọ́ ni, ẹ bi mí. Lọ́jọ́rú yẹn, ẹ ti rìn síwájú díẹ̀, ẹ yíjú padà, ẹ ní, “Bàbá, ṣé ó yé yín?” mo ní, “Ó yé mi dáadáa.” Mo tún rẹ́rìn-ín sí i. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ níbí pé ẹ ò bi mí. Ẹ ò rí i pé irọ́ ti di ohun tí ẹnu mi ń sọ fúnra ẹ̀ kí n tó mọ̀?

Ibi tí mo ti kọ́ ọ ni kíláàsì kẹrin. Mo ga ju gbogbo wọn lọ, olùkọ́ wa ní kí n máa jókòó sẹ́yìn pátápátá, kí n má baà dí àwọn yòókù lójú. Láti ẹ̀yìn yẹn, bí ẹni da ìyẹ̀fun sára pátákó ni gbogbo ohun tó ń kọ ṣe ń rí lójú mi. Tó bá ní ṣé ó yé wa, orí gbogbo wọn á mi, èmi náà á mi tèmi. Orí mímì ni iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ kọ́ láyé, kí n tó kọ́ ti kọnkéré. Mo kúrò nílé ìwé lọ́dún yẹn, kò sẹ́ni tó wá mi. Àwọn ọmọ mi pàápàá ò mọ̀. Èyí tó jẹ́ obìnrin nínú wọn, tó bá gbé ìwé wá láti ilé ìwé pé kí n fọwọ́ sí i, màá fajú ro, màá ní, “Kà á sókè kí n gbọ́ bóyá o mọ̀ ọ́n kà.” Òun ló mọ̀wé kà jù ní kíláàsì wọn báyìí. Ẹ lè rẹ́rìn-ín, èmi náà máa ń rẹ́rìn-ín sí i nígbà míì.

Láàárọ̀ yìí wọ́n ní kí n fọ́ ohun tí mo mọ. Ibi tí mo ti ń fi òòlù fọ́ ọ, fèrèsé gbọ̀ngán ṣí, mo ń gbọ́ obìnrin yẹn. Ó ń sọ fún àwọn olùkọ́ pé tí wọ́n bá fẹ́ kọ́ ènìyàn ní nǹkan, ọ̀nà kan ò tó, kí wọ́n fẹnu sọ ọ́, kí wọ́n fọwọ́ ṣe é kó rí i, kí wọ́n jẹ́ kó fọwọ́ kàn án, kí wọ́n wá ní kó ṣe é padà fún àwọn. Olùkọ́ kan ní, ẹni tó bá wá ń díbọ́n pé ó ti yé òun ńkọ́, ẹ̀bi ta ni ìyẹn? Obìnrin náà ní, “Ẹ béèrè ohun tí ojú ẹ̀ ti rí níbi tó ti kọ́kọ́ sọ pé kò yé òun.” Mo gbé òòlù sílẹ̀. Kò mọ̀ pé mo wà níbẹ̀. Kò bá mi wí rárá, ìyẹn ló sì jẹ́ kó burú. Ká ní ó bú mi ni, ǹ bá bínú, ara á tù mí.

Ẹ gbé kí ni yẹn wá? Bírò? Pé kí n kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, kí n fọwọ́ sí i? Aǹtí Rúlà, ẹ tún ti ń fún mi ní bébà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tọrọ àforíjì, ẹ jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ti pẹ́ tí mo ti rín in. Ẹ̀yin náà kì í gbọ́, àbí?

Mi ò ní kọ ọ́, mi ò sì ní jẹ́ kí ẹ bá mi kọ ọ́. Lójú ogójì ènìyàn ni mo ti pa irọ́ yẹn, lójú wọn náà ni màá ti sọ pé irọ́ ni, pé mi ò mọ̀wé, pé àwòrán yín dára, èmi ni mi ò lè kà á. Kí fọ́máànù fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ dọdún tó ń bọ̀. Kí wọ́n dá mi dúró, kí ọmọ mi gbọ́ ọ. Mo gbọ́ tí wọ́n lu aago, wọ́n ti ń padà wọlé lẹ́yìn ìsinmi, aago mẹ́rin ni obìnrin yẹn ń lọ. Ẹ dìde, ká lọ. Mi ò ní kí ẹ bá mi sọ nǹkan kan. Ẹ ṣáà dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn gbọ̀ngán, kí ẹ dí i, nítorí mo mọ ara mi, bí ojú wọn bá ti yí sí mi, ẹsẹ̀ mi á fẹ́ jáde. Bí mo bá sáré bọ̀ lọ́dọ̀ yín, ẹ má yà fún mi.