Èmi àti Irùngbọ̀n Tún Sọ́kẹ́ẹ̀tì Ṣe

Ọ̀gá, ẹ má rẹ́rìn-ín! Mo ní ẹ má tíì rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí wọra. Ṣé èmi ni mo ní kí wọ́n máa fi òfìfo ránṣẹ́ ni?

Ẹ̀yin náà kúkú mọ̀ ọ́n. Ojú ọ̀nà méjì tí à ń pè ní sọ́kẹ́ẹ̀tì ni kọ̀ǹpútà wa fi ń ránṣẹ́. Èyí tó ń ránṣẹ́ síta, èmi ni mo kọ ètò rẹ̀. Èyí tó ń jíṣẹ́ láàárín ilé, Irùngbọ̀n tó jókòó tì mí ló kọ tiẹ̀. Ó dáa. Bí ẹnìkan bá wá fi iṣẹ́ tí kò ní lẹ́tà kan ṣoṣo nínú rán wọn ńkọ́? Tèmi á ní, "Òdo, kò séwu." Ti Irùngbọ̀n á figbe ta pé àṣìṣe ni! Òfìfo kan náà o! Ẹ̀rọ àwọn oníbàárà wá ń gan, ẹ sì ní n ò gbọdọ̀ lọ ìsinmi àfi bí ìdáhùn méjèèjì bá bára mu. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti bímọ láti ọjọ́ mẹ́sàn-án sẹ́yìn, Ọ̀gá! Orí fóònù ni mo ti ń kí ọmọ! Nítorí òfìfo!

Mo ní kí n gbà kó tán. Lánàá, mo yí tèmi padà, mo ní kó máa kígbe àṣìṣe bíi ti Irùngbọ̀n. N ò sọ fún un, nítorí ẹnu ẹ̀! Á ní òun ti borí mi.

Mo dé láàárọ̀ yìí, mo dán an wò, yéè! Irùngbọ̀n náà ti yí tiẹ̀ padà lánàá, láìwí fẹ́nìkan, ó ní kó máa sọ pé "Òdo, kò séwu"! A kàn pààrọ̀ ẹ̀ṣẹ̀ fúnra wa ni! Mo bi í pé kí ló dé tí ò wí, ó ní, "Ìwọ náà wí?" Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà, Ọ̀gá, ìyà náà sì ti tó mi.

Kí lẹ wí? Ẹ ti fọwọ́ ara yín dá tèmi padà sí òdo? Nísinsìnyí? Méjèèjì ti bára mu? Háà! Ẹ ó jẹun ọmọ! Ẹ jẹ́ n gbé báàgì mi...

Ẹ dákẹ́ ná. Ta ló ń tẹ kíbọ́ọ̀dù wàràwàrà lẹ́yìn wa yìí? Irùngbọ̀n! Irùngbọ̀n o! Gbọ́wọ́ kúrò ńbẹ̀, má tún yí tìẹ padà!