Gáàsì Tí Mo Tú Sáfẹ́fẹ́

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ fíríìjì kì í dáhùn mọ́ bí mo bá kí i. Á kàn máa wo iwájú bí ẹni tí ọrùn ń dùn. Mo jẹ̀bi lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ tí mo fẹ́ jẹ́wọ́ fún yín yìí kọ́ ló ń bínú sí.

Ní Ìdànrè níbí, bí ọ̀gá ṣe kọ́ wa ni pé bí fíríìjì bá ti dé, ká kọ́kọ́ gé páìpù ẹ̀yìn rẹ̀, kí gáàsì tó kù nínú rẹ̀ tú síta, ṣììì, kí oníbàárà gbọ́, kó mọ̀ pé iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Tèmi tiẹ̀ tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gáàsì tuntun ni mo fi ń fẹ́ eruku kúrò lára ṣẹ́ẹ̀tì mi kí n tó lọ sílé. Mo rò pé ọ̀làjú ni.

Àfín ni ọmọbìnrin mi. Lọ́dún tó kọjá, kíláàsì wọn gun àtẹ̀gùn lọ sí Òkè Ìdànrè. Ebi ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé sọ̀ kalẹ̀, èjìká tí oòrùn ti bó ni tiẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ó gbé ìwé sáyẹ́ǹsì wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní, "Dádì, wọ́n ní nǹkan kan wà lókè tó ń bá wa dí oòrùn lọ́wọ́, pé gáàsì fíríìjì àtijọ́ ń jẹ ẹ́. Ṣé èyí tí ẹ máa ń tú yẹn ni?" Mo ní kó lọ ra búrẹ́dì wá. Ẹ rí irú bàbá tí mo jẹ́? Kó tó padà dé, mo ti ka ojú ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti sọ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn gáàsì tuntun tí kì í jẹ ẹ́ ń mú ayé gbóná.

Mi ò sọ pé gáàsì tèmi ló bó ọmọ mi lára. Oòrùn ti ń jó àfín kí fíríìjì tó dáyé. Ṣùgbọ́n ta ló ní kí n wá máa ran oòrùn lọ́wọ́? Mo bá ra ẹ̀rọ tó ń fa gáàsì sínú sílíńdà. Ó máa ń pẹ́ díẹ̀, àwọn oníbàárà kan sì ti kúrò lọ́dọ̀ mi.

Lóṣù tó kọjá, fírísà ìjọ wa bàjẹ́. Ọ̀gá bá mi nídìí rẹ̀ níbi tí mo ti ń fa gáàsì.

"Gé e jàre. Ṣé ìwọ ni wọ́n ní kó máa ṣọ́ sánmà ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ó ku díẹ̀."

"Èmi tí mo kọ́ ẹ, ṣé mi ò mọ̀ ọ́n ni?"

"Ẹ kọ́ mi dáadáa sà. Ibí yìí nìkan lẹ gbàgbé."

Àwọn ìyá ìjọ tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló dun ọ̀gá. Ó ti ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá sí ìpàdé ẹgbẹ́ àwa oníṣẹ́ fíríìjì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí n dọ̀bálẹ̀, kí n sì gé páìpù lójú gbogbo wọn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n á gba ìwé-ẹ̀rí mi. Bẹ́ẹ̀, mo gbọ́ pé òfin ìjọba wà tó ní ká má tú gáàsì sáfẹ́fẹ́ mọ́. Ẹni tó máa wá sí ṣọ́ọ̀bù wá wò ó bóyá à ń pa á mọ́ ni mi ò tíì rí. Ìjọba, ẹ wá. Ṣọ́ọ̀bù tèmi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yà sí.

Màá dọ̀bálẹ̀ o, ọ̀gá mi ni. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń ka èyí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn bí mo ṣe lè dọ̀bálẹ̀ tí kò ní rò pé mo ti gbà. Ti páìpù, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. Mi ò ní gé e.